Onísùúrù Ẹlẹ́nu Méjì

Iṣẹ́ ló sọ obìnrin náà ní Akọ̀wé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ìyá ọkọ rẹ̀ pàápàá ń fi pè é. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó omi ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí ọ̀gá bá ń la ẹnu, òun ti ń dé ìdí gbólóhùn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ jáde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ káwọ́ lérí. Òun ní tirẹ̀ jókòó ti àlejò náà, ó ń wádìí ohun tó ń jẹ àti ohun tó ń bí i nínú. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó kúrò lẹ́ni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó di ẹni tó ń pàṣẹ fún un. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣẹ tí ẹ̀rọ fi ń mọ ohun tó yẹ kó ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀rọ lèmi àti ìyàwó mi jọ ń bá fà á. Tèmi ò fẹ́ tutù, tirẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ràn."

Ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn òpópónà wọn ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì tẹ orúkọ ọmọ náà sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ní, "Ìyá ẹ̀, abẹ́rẹ́ kan wà tí ọmọ yìí ò tíì gbà o."

Akọ̀wé ní, "Ta ló sọ fún yín?"

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. "Òun ni. Àwọn kan ló ń kọ ètò yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwa ilé ìwòsàn kéékèèké. A ò mọ̀ wọ́n rí, a kàn máa ń ṣàdúrà fún wọn ni."

Ọ̀rọ̀ àdúrà yẹn wọ Akọ̀wé lára. Ó délé, ó wá àwọn tí wọ́n ń gbàdúrà fún náà kàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì bá wọn dá sí i. Àwọn èèyàn tó fọ́n káàkiri ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fojú kan ara wọn rí. Ẹni tó dá ètò náà sílẹ̀ jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé, Alága ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ náà ò kú. Ọmọ Bánkì lorúkọ tiẹ̀. Ẹnì kan sì wà tó pe ara rẹ̀ ní Onísùúrù, tí kì í bá wọn dá sí ìpàdé olóhùn, tó jẹ́ pé kíkọ ló máa ń kọ tirẹ̀ ránṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ́ jù nínú gbogbo wọn. Àwọn yòókù ń wọlé, wọ́n ń jáde, bí èrò ibùdókọ̀.

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ kéré lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí èèyàn bá ń kọ kóòdù, ìlà tó bá wà lábẹ́ àṣẹ ìlà mìíràn, wọn a máa tì í wọlé díẹ̀ kí ojú lè mọ ọmọ ta ni. Nínú èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò yìí, ẹ̀rọ ò bìkítà, èèyàn ni ìtìwọlé yẹn wà fún. Àwọn kan a fi àlàfo méjì tì í, àwọn mìíràn a fi mẹ́rin. Àwọn kan ò ní tiẹ̀ fọwọ́ kan àlàfo, bọ́tìnnì tí wọ́n ń pè ní táàbù ni wọ́n máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ìlà á sì fò wọlé fúnra rẹ̀. Ti àkámọ́ tó ń kó àwọn ìlà mọ́ra náà tún wà: àwọn kan ní ìparí ìlà ló ti yẹ kó ṣí, àwọn kan ní kó lọ dá dúró ní ìlà tirẹ̀ bí ọba. Bí Ọmọ Bánkì bá ṣí iṣẹ́ tí Alága ṣe, á kọ́kọ́ tún gbogbo ìtìwọlé rẹ̀ tò bí ara tirẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Bí Alága bá dé, á dá a padà.

Ní ọjọ́ kan, nínú irú àtúntò bẹ́ẹ̀, Ọmọ Bánkì pa àtúnṣe gidi kan tí Onísùúrù ṣe rẹ́, kò sì sẹ́ni tó rí i, nítorí bí gbogbo ìlà bá ṣípò, ta ló máa mọ èyí tó sọnù? Ilé ìwòsàn kan ránṣẹ́ pe ọmọ kan wá gba abẹ́rẹ́ tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó mọ ìyá ọmọ náà dójú.

Alága pe ìpàdé. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ká máa gbà kọ ọ́. Akọ̀wé, ẹ bá wa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníkálukú, torí ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì bá ẹnikẹ́ni jà."

Akọ̀wé gbà, ó rò pé iṣẹ́ àárọ̀ kan ni. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àgbàlagbà la jẹ́, a ò lè torí òfìfo jà. Àṣé òfìfo gan-an ni ìjà ń bẹ nínú rẹ̀.

Dókítà tó máa ń fi sùúrù bá ọmọ tó ń ké lábẹ́ abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ kọ̀wé pé ojú òun ò lè gba àlàfo mẹ́rin, pé ó ń fún òun lórí fífọ́. Ọmọ Bánkì fèsì pé ẹni tí mẹ́rin ń fọ́ lórí, orí yẹn ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rí jí lójijì, wọ́n ń kọ èsì gígùn gbọọrọ. Ohun tó tún wá dààmú Akọ̀wé jù ni ara òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan dá a lábàá pé kí àkámọ́ lọ dá dúró ní ìlà tirẹ̀, ó rí lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ní kó wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó wá ìdí rẹ̀ títí, kò rí i.

Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣé o rántí ìgbà tí àbúrò mi bá mi to irinṣẹ́ mi? Ó tò ó dáadáa. Ó tò ó ju bí mo ṣe ń tò ó lọ. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún."

"Kí ló fà á?"

"Mi ò mọ̀. Ìwọ lo kàwé, ìwọ ni kó o sọ fún mi."

Kò sí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Akọ̀wé gbé tíì rẹ̀ mu, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, Alága ti gbọ̀jẹ̀gẹ́ díẹ̀, ó ní bí gbogbo ayé bá fẹ́ mẹ́rin, òun á ra gíláàsì mìíràn. Ó ku Onísùúrù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìdáhùn rẹ̀ dé, ó tutù bí omi àmù: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àlàfo mẹ́rin dára púpọ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ síwájú."

Gbogbo wọn dúpẹ́. Akọ̀wé ti ń kọ ìpinnu náà sílẹ̀ nígbà tí èsì mìíràn dé ní ìrọ̀lẹ́ láti ọ̀dọ̀ Onísùúrù yìí kan náà: "Mi ò fara mọ́ àlàfo kankan. Táàbù ni. Bí kì í bá ṣe táàbù, mo ti lọ."

Wọ́n rò pé ó ṣèèṣì ni. Lọ́jọ́ kejì, láàárọ̀, ó tún kọ̀wé: "Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ àná. Mẹ́rin náà ti tó." Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó tún dé: "Ta ló ní mẹ́rin tó?"

Ọmọ Bánkì kọ̀wé sí gbangba pé, "Ṣé bàbá yìí ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ẹlẹ́nu méjì ni o." Alága kò kọ ohunkóhun sí gbangba, ṣùgbọ́n ó pe Akọ̀wé lórí fóònù, ó ní òun ń rò ó pé kí àwọn yọ Onísùúrù kúrò.

Akọ̀wé ní, "Ẹ dákun, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Ó lọ tú àwọn iṣẹ́ tí Onísùúrù ti ṣe sẹ́yìn. Bó ṣe ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yà á lẹ́nu. Apá kan iṣẹ́ náà ṣe ṣókí, ó yára, kò sí ọ̀rọ̀ àsọdùn nínú rẹ̀, táàbù ni wọ́n fi tì í wọlé láti òkè délẹ̀. Apá kejì rọra ń lọ, wọ́n fá a dán bíi pákó, wọ́n sì ṣe àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ìlà, ìbáà jẹ́ ìlà tí ọmọdé mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àlàfo mẹ́rin ló wà nínú ìyẹn. Ẹ̀rù bà á. Bàbá tó bí i lọ́mọ, nígbà tó darúgbó tán, a máa jẹun tán, á sì tún béèrè ìgbà tí oúnjẹ máa délẹ̀. Ṣé ohun tó ń ṣe ọkùnrin yìí náà nìyẹn?

Ó kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara yín le?"

Èsì dé kíákíá: "Ara le, a dúpẹ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́, àti àwọn ọmọ?"

Kò pẹ́ púpọ̀, òmíràn tún dé: "Kí ló dé tó o fi béèrè? Ta ló sọ fún ẹ pé ara mi ò le?"

Akọ̀wé ka méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Èyí àkọ́kọ́ ní "ẹ̀yin," èkejì ní "o." Èèyàn kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan kó wá gba ọ̀wọ̀ náà padà kí oúnjẹ tó jinná. Ó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó jẹ́.

Níkẹyìn, nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń sọ, Onísùúrù mẹ́nu ba iná tí àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà ojú irin gé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Iná Akọ̀wé náà lọ lọ́sàn-án yẹn, àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà ojú irin náà ló gé e. Àṣé ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ó béèrè bóyá òun lè wá kí i. Láàárọ̀, èsì ní, "Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ilé tó kọjú sí ilé ìfọṣọ ni, àjà kìíní." Lálẹ́, èsì ní, "Má wá."

Ó gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, ó họrí.

"Èwo ni kí n gbọ́?"

"Ẹni tó ní kó o wá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní kó o má wá, bó o bá dé, á sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sọ̀ ní iwájú ilé ìfọṣọ. Àtẹ̀gùn ilé tó kọjú sí i tóóró, wọ́n to pákó gígùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ni èèyàn á fi gùn ún. Ọkùnrin kan ṣílẹ̀kùn, ó ga, ó fi pẹ́ńsùlù há etí, eruku pákó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Káfíńtà ni.

"Ẹ káàbọ̀, Akọ̀wé wa," ó ní. "Mo mọ̀ pé ẹ máa wá."

"Ẹ kú ilé o, sà. Ṣé ẹ̀yin ni Onísùúrù?"

Ọkùnrin náà gbé e yẹ̀wò. "Láàárọ̀," ó ní.

Kí Akọ̀wé tó lè bi í ní ohun tó túmọ̀ sí, ó gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá, ohùn tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé: "Àlàfo àlàfo àlàfo àlàfo bí àkámọ́ ọjọ́ orí kéré sí. Àlàfo àlàfo àlàfo àlàfo àlàfo àlàfo àlàfo àlàfo." Akọ̀wé rò pé ọmọ kan ló ń há nǹkan sórí. Ohùn náà dúró lójijì. Ohùn obìnrin tó jẹ́ ti èèyàn gidi wá ní, "Ṣé ìwọ lo dé? Mo ní kó o má wá."

Obìnrin náà jókòó sídìí tábìlì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Ojú kọ̀ǹpútà náà ṣókùnkùn, wọn ò tàn án rárá. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ibi èjìká Akọ̀wé ló ń wò. Ìgbà yẹn ni Akọ̀wé tó mọ̀ pé kò ríran.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ó ní.

"Jókòó. Àga wà lápá òsì ẹ, bí bàbá yìí ò bá tíì gbé pákó lé e."

Pákó wà lórí rẹ̀. Káfíńtà sáré gbé e kúrò.

Bí wọ́n ṣe rọ́ ọ fún un nìyí, obìnrin náà ń sọ, ọkọ rẹ̀ ń tún un sọ, obìnrin náà sì ń tún ti ọkọ rẹ̀ sọ. Olùkọ́ ni ìyá náà, kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Àìsàn kan mú ojú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́ láti máa fi etí kàwé: ẹ̀rọ á máa ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún un, òun á sì máa tẹ iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn tó ń kọ kóòdù ṣiṣẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀, ó sì sọ bí òun ṣe wà fún wọn.

"Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí," ó ní. "Wọ́n ń yìn mí bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde dúró. Lọ́jọ́ kan mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ pàǹtí ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní ó wú àwọn lórí. Ọjọ́ yẹn ni mo kúrò."

Nígbà tó wá sí ètò abẹ́rẹ́ yìí, ó di Onísùúrù, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ kọ́ títẹ̀ kó lè máa bá a wo ohun tí etí ò lè gbọ́, bí àwọ̀ àti àwòrán. Bí ọkùnrin náà ṣe ń wo iṣẹ́ yìí, ó dùn mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ láàárọ̀, kó tó lọ sídìí pákó. Ìyá náà máa ń ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́, tí ariwo òpópónà bá ti lọ sílẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

"Ó wá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń bá ara yín jà lójú gbogbo wa," ni Akọ̀wé sọ.

Káfíńtà ní, "Ẹ bá mi wò ó. Táàbù yẹn, bí ọ̀pọ̀lọ́ ló ṣe máa ń fò. Lórí kọ̀ǹpútà kan ó fò jìnnà, lórí òmíràn ó fò nítòsí. Ẹni tó ń gé pákó ò lè fara mọ́ ìyẹn. Mẹ́rin, mẹ́rin ni, ní ibi gbogbo."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń wò ó," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Èmi, wọ́n ń kà á sí mi létí ni."

Akọ̀wé ní, "Màmá, ṣé ẹ ò lè ní kí ẹ̀rọ máa fo àlàfo ni?"

"Mo lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá fò ó, báwo ni mo ṣe máa mọ inú yàrá tí mo wà? Bó bá ní táàbù kan, mo mọ̀ pé mo wà ní pálọ̀. Táàbù méjì, mo ti wọ yàrá. Àlàfo méjìlá ńkọ́? Kí n tó kà á tán, mo ti gbàgbé ohun tí mo wá ṣe." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. "Ó ti sú mi. Kì í ṣe agídí. Ó sú mi ni."

Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó jọ pé kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn báyìí rí.

Akọ̀wé béèrè bóyá òun lè sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Ìyá náà ronú títí. "Sọ pé ẹnì kan wà láàárín yín tó ń fi etí kàwé. Má dárúkọ. Bó o bá dárúkọ, mo ti lọ nìyẹn."

"Bó bá sì lọ, èmi náà ti lọ," ni Káfíńtà wí, "torí orúkọ kan la jọ ń jẹ́."

Nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ náà rú Akọ̀wé lójú. Ó ti rò pé bí òun bá mọ ìdí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Ìdí rèé, ó ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ sì tún pọ̀ sí i. Onísùúrù kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé, èèyàn méjì ló wà nínú ilé, wọn ò sì fẹ́ ohun kan náà. Ohùn ta ni kó gbé dé ìpàdé? Bó bá gbé ti ìyá, ṣé kò ti pa ti bàbá rẹ́? Ó kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀, ó ní láti fẹsẹ̀ rìn padà.

Nígbà ìpàdé olóhùn ọjọ́ Àìkú, ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kó sọ ọ́. "Ẹnì kan wà láàárín wa tí kò ríran. Etí ló fi ń ka kóòdù. Gbogbo àlàfo ni wọ́n ń kà sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí táàbù nìyẹn."

Alága wá rọra béèrè, "Ta ni?"

"Wọ́n ní kí n má dárúkọ."

Ọmọ Bánkì ló sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ní. "Àǹtí," ó ní, "ẹ má fi pamọ́ fún wa mọ́. Ṣebí ẹ sọ lóṣù tó kọjá pé lẹ́tà ojú ewé wa ti kéré jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí gbogbo ohun tí mo ti kọ."

Òun Akọ̀wé ló ń bá wí. Bó bá ní òun kọ́, wọ́n á máa wá ẹni tó kù kiri, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi kan Onísùúrù. Bó bá dákẹ́, irọ́ nìyẹn. Níbi tó ti ń rò ó, gbogbo wọn ti gbà pé táàbù ni. Ohun tí wọ́n ti ń fà láti ọjọ́ yìí parí kí tíì tó tutù. Lẹ́yìn ìpàdé, Onísùúrù kọ̀wé pé, "Mo fara mọ́ ọn." Akọ̀wé wò ó títí, kò lè sọ ẹni tó kọ ọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Láti ọjọ́ yẹn, àánú bẹ̀rẹ̀ sí í ya lu Akọ̀wé. Alága fi orúkọ dókítà ojú kan ránṣẹ́, ó ní ọ̀rẹ́ òun ni. Ọmọ Bánkì wá ń fi lẹ́tà ńláńlá kọ̀wé sí i. Bí Akọ̀wé bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n á gbà á wọlé kó tó yọwọ́, wọ́n á sì ní, "Ẹ kú akitiyan." Ó ń lọ wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ń di ojú kan, ó ń fi èkejì ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọṣẹ. Ojú rẹ̀ ríran kedere. Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyè méjì.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó tún iṣẹ́ kan tó ti fi ránṣẹ́ kà, ó sì rí i pé òun ti ṣe àṣìṣe: ó ti ka ọ̀sẹ̀ sí oṣù ní ibì kan. Ọmọ ọwọ́ kan ì bá máa dúró de abẹ́rẹ́ tí kò ní tètè dé. Alága ti gbà á wọlé. Ọmọ Bánkì, tí kì í jẹ́ kí àmì kan ṣoṣo kọjá lójú rẹ̀, ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ó wú mi lórí."

Akọ̀wé tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé tó kọjú sí ilé ìfọṣọ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó rò ó dé ibi tí wọ́n ti sọ pé òun ni afọ́jú, ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ fi pákó kan bojú, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá dé orí ọ̀sẹ̀ tó di oṣù, ẹ̀rín dá.

"Wọ́n gbà á wọlé láì kà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Nítorí àánú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá náà jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń fi ìka gbá etí tábìlì jẹ́jẹ́. Akọ̀wé ò mọ̀ bóyá kó bẹ̀bẹ̀ ni tàbí kó máa lọ. Káfíńtà ṣẹ́jú sí i pé kó ní sùúrù. Ìyá náà yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ohùn tó ń sáré náà ka ohun tó tẹ̀ sókè fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

"Èmi Onísùúrù ni mi ò ríran. Obìnrin ni mí. Akọ̀wé ríran dáadáa, ó ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà á wọlé láì kà á, ojú tì yín. Ọmọ èèyàn ló wà nídìí ètò yìí. Ẹ ka iṣẹ́ mi bí ẹ ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá yìn mí láìtọ́, èmi àti ẹ̀ ni."

Ó fi ránṣẹ́. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ lọ wá orúkọ tiyín. Ọkọ àti ìyàwó ò kí ń lo búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ọmọ Bánkì kọ èsì gígùn sábẹ́ iṣẹ́ tí Onísùúrù ṣe gbẹ̀yìn: ibí yìí ò dára, ibí yìí lọ́ra, ta ló kọ́ yín ní èyí? Ìyá náà fèsì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún gbóná ju tirẹ̀ lọ. Káfíńtà sọ fún Akọ̀wé lórí fóònù pé láti ọdún tí ojú ti lọ, òun ò tíì rí i kí inú ìyàwó òun dùn tó bẹ́ẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tuntun, wọ́n sì kí i káàbọ̀, wọ́n ka òfin ìtìwọlé fún un bí ẹni pé kò bá wọn jà lórí rẹ̀ rí. Alága ti gbé ẹ̀rọ kan sẹ́nu ọ̀nà ètò náà tó ń dá iṣẹ́ tí kò bá òfin mu padà kí èèyàn tó fojú kàn án. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Káfíńtà fi ránṣẹ́, àlàfo mẹ́rin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ dá a padà. Ó pe Akọ̀wé.

"Mo mọ ìdí rẹ̀," ó ní. "Èmi àti ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é jọ ń gbé yàrá kan. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Kí ló dé tí ọwọ́ mi fi ń tẹ mẹ́rin?"

Akọ̀wé wo ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, níbi tí òun náà ti ń pa àlàfo rẹ́ láti àárọ̀.

"Bàbá," ó ní, "n ò lè parọ́ fún yín. Kò yé mi."